Ẹsẹ̀ Tó Ṣáájú Ẹ̀ṣẹ́

Ẹ̀ṣẹ́ inú fíìmù kì í ba ẹnikẹ́ni. Ẹni mẹ́ta ló ń ṣe é: ẹni tó jù ú, ẹni tó gbà á, àti kámẹ́rà tó jókòó síbi tí kò ti ní rí àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń jù ú á fi ọwọ́ gé afẹ́fẹ́ níwájú imú ẹnì kejì. Ẹni tó ń gbà á á ju orí síbi tí ọwọ́ ń lọ, lásìkò tí ọwọ́ náà ń kọjá gan-an. Bó bá yá jù, ó di ẹni tó ń sá fún òjìji. Bó bá pẹ́ jù, àwọn ọmọdé tó ń wòran á fi ṣe ẹlẹ́yà. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ ẹni tó ń gbà á ló le jù, nítorí ojú ló fi ń ṣe é.

Ojú ọ̀hún ni kò pé lára Adákẹ́jà. Ti ọ̀tún nìkan ló ríran. Ti òsì mọ́ tónítóní, ó ń yí kiri bí ojú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n bí ẹni fi aṣọ nípọn bo fèrèsé ló rí láti inú wá. Láti ọdún tó ti gba ìgbànú ọba ẹ̀ṣẹ́ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Kí wọ́n tó jẹ́ kó ja ìjà tó tẹ̀ lé e, ó ti há gbogbo lẹ́tà ara ògiri tí dókítà fi ń yẹ ojú wò sórí bí ọmọ iléèwé tó há orin. Kò sẹ́ni tó fura sí i, torí kì í sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá: bí wọ́n bá lù ú, kì í kérora, bó bá lu ènìyàn, kì í yangàn. Ó fi ìjà sílẹ̀ láìṣubú rí.

Àmọ́ abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó bá ti fẹ̀yìn tì, bí àlejò ló ń rí nínú ilé ara rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń kí i, kò sẹ́ni tó ń rán an níṣẹ́. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ó sì ti di ẹni tó ń bá a ṣa àjákù aṣọ nílẹ̀. Ọjọ́ tí olùdarí fíìmù kan wá kan ilẹ̀kùn, tó ní òun ń wá ẹni tí yóò ṣe akànṣẹ́ àgbà kan tó ja ìjà ìkẹyìn rẹ̀, ìyàwó náà rí i tí ọkọ òun na ẹ̀yìn tọ́ gbọnrangandan, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu agogo.

“Òfin kan ló wà,” ni olùdarí wí. Obìnrin ni, kò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì máa ń wo ènìyàn bí ẹni ń wọn pákó. “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ara rẹ̀ ò bá pé, a kì í jẹ́ kó wọ ibi ìjà. Ṣé ara yín pé?”

“Ó pé,” ni Adákẹ́jà dáhùn.

Ìyàwó rẹ̀ tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí olùdarí rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí òun náà wá máa bá wọn rán aṣọ àwọn òṣèré.

Nígbà tí wọ́n dé ibi iṣẹ́, ta ni wọ́n bá níbẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ìjà? Gbìgbì ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn méjèèjì ti jà rí. Nígbà ìjà àkọ́kọ́, ìdí Gbìgbì ni ìgbànú wà. Adákẹ́jà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí agogo ìkẹyìn tó lù, àtàǹpàkò ìbọ̀wọ́ Gbìgbì wọ ojú òsì rẹ̀. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Ìjà ni. Nígbà ìjà kejì, Gbìgbì padà wá gba nǹkan rẹ̀, kò sì rí i gbà, torí pé nígbàkigbà tó bá fẹ́ ju ọwọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á kọ́kọ́ lu ilẹ̀, gbì! Pákó ni wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ojú ìjà, kánfáàsì ni wọ́n fi ń bò ó. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹnì kejì á gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ènìyàn ti ń pe ọkùnrin náà ní Gbìgbì. Orúkọ àbùkù ni, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ ẹ.

Ìtàn ẹsẹ̀ yìí ni àwàdà kan ṣoṣo tí Adákẹ́jà ní. Ó sọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi,” ló wí. “Á ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ o, ọwọ́ ń bọ̀!’ Èmi á ní, ‘O ṣé o, ẹsẹ̀.’ Màá sì bẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Gbìgbì náà rẹ́rìn-ín.

“Kí ni kí n ṣe?” ni Gbìgbì wí. “Ẹsẹ̀ ni mo jogún nílé wa, n ò jogún ìgbànú.”

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ọkàn sí. Bí Gbìgbì bá ń kọ́ àwọn òṣèré ní ìjà, bí ológbò ló ń rìn. Ẹ ò ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Adákẹ́jà kíyè sí i, ó kàn fi ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ wò ó, ìgbà tí ọjà tú tán ló wá mọ ọjà á ná.”

Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ́ ọ, ó sì dára. Adákẹ́jà ní ọgbọ́n tó ń dá: ó máa ń yí àgbọ̀n sí òsì díẹ̀, kí ojú ọ̀tún lè rí ọwọ́ tó ń bọ̀ láti ìhà tó ṣókùnkùn. Olùdarí rò pé àṣà àwọn akànṣẹ́ ni. Ó tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ó jẹ́ kó dà bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ya fíìmù ni ìṣubú bọ́ sí. Nínú ìtàn náà, akànṣẹ́ àgbà yìí máa jẹ ẹ̀ṣẹ́ kan lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, á ṣubú, kò sì ní dìde mọ́. Ní òwúrọ̀, ọmọbìnrin tó ń kun àwọn òṣèré lójú mú rọ́bà kan jáde, ó pọ́n, ó wú bí ojú tí oyin ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọ̀tún Adákẹ́jà.

“Ojú ọ̀tún ni?” ni Adákẹ́jà bi í.

“Ọ̀tún ni, bàbá. Ṣebí lánàá a ti yà á níbi tó ti ń pọ́n. Kò kúkú lè sálọ sí òsì mọ́jú.”

“Ó bò mí lójú pátápátá.”

“Bẹ́ẹ̀ náà la fẹ́ ẹ,” ni ọmọbìnrin náà wí, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ etí rọ́bà náà mọ́lẹ̀. “Ẹ má dààmú, òsì yín ṣí sílẹ̀ gbayawu.”

Kí ni èèyàn fẹ́ fi dáhùn ìyẹn? Rọ́bà náà gbẹ, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ ọn lójú ní ọ̀sán gangan.

Ìyàwó rẹ̀ rí i láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó sáré wá, ó di ìgbúnwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ tún ṣòkòtò ìjà rẹ̀ ṣe, ó sì ń fi ọgbọ́n darí rẹ̀ títí tó fi fi ọwọ́ kan okùn ojú ìjà. Láti ibẹ̀, ara rẹ̀ mọ̀nà. Ẹni tó bá ti gbé inú okùn mẹ́rin pẹ́ tó yẹn, bó fọ́jú, kò lè ṣìnà níbẹ̀.

Gbìgbì fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ju ẹ̀ṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà máa rí. Wọn kò fẹ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀gá sọ́wọ́ òṣèré tí kò mọ̀ ọ́n jù.

“Ẹ dákẹ́ o! Kámẹ́rà! Ó yá!”

Adákẹ́jà dúró de òjìji, òjìji kò wá. Afẹ́fẹ́ ẹ̀ṣẹ́ ti kan imú rẹ̀ kó tó ju orí.

“Ó pẹ́,” ni olùdarí wí. “Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.”

Ó tún dúró, ó ń ka iye lọ́kàn. Ó ju orí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn iná: ọwọ́ Gbìgbì ṣì wà ní àyà. Wọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, dípò kí orí rẹ̀ bá ọwọ́ lọ, ọwọ́ ló lọ pàdé. Ìbọ̀wọ́ ha etí rẹ̀ kọjá fìrì, Gbìgbì sì fa apá sẹ́yìn débi pé òun gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀.

“Gé e!” Olùdarí yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. “Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.”

Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, etí rẹ̀ máa ń là. Adákẹ́jà gbọ́ ohun tí olùdarí ń sọ fún amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lókèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́: “Iṣẹ́ ò tíì jìnnà. Pe ọkùnrin tó ṣe ìkejì nígbà tí à ń yan òṣèré. Bí bàbá ò bá rí i ṣe lẹ́yìn oúnjẹ, a máa fi ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.”

Yàrá ìránṣọ kò tóbi. Aṣọ kọ́ sára ògiri, irin ìlọṣọ ń gbóná lórí tábìlì, òórùn aṣọ tuntun gba gbogbo ibẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó yọ rọ́bà ojú rẹ̀, torí pé ó ń pẹ́ kó tó gbẹ. Ó jókòó lórí àpótí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

“Ẹ sọ fún wọn,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Kí n sọ kí ni?”

“Pé ẹ ò ríran.”

“Wọ́n á ní kí n máa lọ sílé.”

“Ilé wá burú ni? Ṣebí èmi náà wà níbẹ̀.”

“Abẹ́rẹ́.” Orúkọ tó máa ń pè é nìyẹn. “Ìwọ wà níbẹ̀. Bó o bá jí, ẹ̀rọ ń dúró dè ọ́, àwọn oníbàárà ń dúró dè ọ́. Kí ló ń dúró de èmi? Àga. Nígbà tí mo wọ ibí yìí, ẹnì kan ní, ‘Ẹ yára, ẹ̀yin là ń dúró dè.’ Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀.”

Obìnrin náà gún abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ló ní, “Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní abẹ́rẹ́, ọkọ mi, àmọ́ èmi ni adìẹ ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń gún mi lọ́fun tipẹ́. Ọwọ́ wo lẹ rò pé ó máa kọ́kọ́ bà yín lọ́jọ́ tí mi ò bá sí nítòsí láti di ìgbúnwọ́ yín mú?”

Kí ó tó dáhùn, ẹnì kan wọlé. Wọn kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìró ife tíì tó gbé sórí tábìlì ni wọ́n gbọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó wa,” ni Gbìgbì wí.

“Ẹ kú ìrìn, bọ̀dá.”

Gbìgbì kúnlẹ̀ níwájú Adákẹ́jà, ó fi àtàǹpàkò tẹ imú bàtà ìjà rẹ̀, ó tẹ gìgísẹ̀, ó tún gbé ẹsẹ̀ náà sókè wò bí ẹni tó ń wo pátákò ẹṣin.

“Bàtà yìí nípọn jù.”

“Èmi ni mo fi tìmùtìmù sí i nínú,” ni ìyàwó náà wí. “Kí ẹsẹ̀ má bàa máa dùn ún.”

“Ẹ bá mi yọ ọ́.”

“Kí ló dé?”

“Ẹni tó fẹ́ sùn ló nílò tìmùtìmù. Ọkọ yín ò sùn.”

Ìyàwó náà fi sísọ́ọ̀sì tú okùn ìrán rẹ̀, ó fa tìmùtìmù jáde nínú bàtà méjèèjì, ó wá ku awọ lásán láàárín ẹsẹ̀ àti ilẹ̀.

“Kí lo fẹ́ ṣe?” ni Adákẹ́jà bi í.

“Iṣẹ́ mi. Ìwọ, má wá ọwọ́ mi kiri. Dúró jẹ́ẹ́, kó o ṣe é bó o ṣe máa ń ṣe é.”

“Bí mo ṣe máa ń ṣe é nígbà wo?”

Gbìgbì ti jáde, tìmùtìmù ológbò ló fi ń rìn ní tirẹ̀.

Wọ́n padà sójú ìjà. Ọkùnrin kan ti wà níbẹ̀ tí Adákẹ́jà kò mọ ohùn rẹ̀, ó ń kí àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wá síbi òkú. Ó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n pè nìyẹn. Adákẹ́jà gbé ọwọ́ sókè, ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà. Láti abẹ́ awọ bàtà, ó ń gbọ́ ilẹ̀: ibi tí pákó méjì ti pàdé, ibi tí ìṣó kan ti yọrí díẹ̀.

“Kámẹ́rà! Ó yá!”

Gbì.

Kò ronú. Ìró náà ti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè, ó gba orúnkún, ó gba ẹ̀yìn, orí rẹ̀ sì ti lọ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ẹ̀ṣẹ́ tẹ̀ lé e gẹ́lẹ́ bí ìrù tẹ̀ lé ẹran. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, èjìká rẹ̀ kan kánfáàsì, lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Rẹfirí bẹ̀rẹ̀ sí kà. “Ọ̀kan! Èjì!”

Adákẹ́jà kò gbọ́ ọ rí láti ìsàlẹ̀. Àwọn mìíràn ni wọ́n máa ń kà á fún, òun á dúró ní igun, á máa wo ìdọ̀tí ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Lónìí òun ló dùbúlẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó má mira. Ẹni tí kò lè mira, tí kò ríran, kí ló kù fún un ju kó ronú?

Ó ronú kan ìjà àkọ́kọ́. Gbogbo ẹ̀ṣẹ́ ọjọ́ náà ló rántí, bí ènìyàn ṣe ń rántí ilé tó ti gbé: èyí tó bà á ní ìhà, èyí tó bà á lágbọ̀n, àtàǹpàkò tó wọ ojú. Gbogbo wọn ló dé ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ kankan kò dún. Báwo ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tú àṣírí rẹ̀ ṣe fẹ́ jọba láàárín àwọn akànṣẹ́? Wọn ìbá ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ṣẹ́.

“Ẹ̀rin! Àrún!”

Ó wá rántí ìbẹ̀rẹ̀ ìjà kejì. Ọwọ́ ọ̀tún Gbìgbì kọ́kọ́ bà á lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, kò sì ṣẹ́jú. Ẹni tó bá rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀ máa ń ṣẹ́jú, kò sí akọni tí kì í ṣẹ́ ẹ. Òun dúró, ojú là kalẹ̀, bí ère. Gbìgbì ìbá ti wọlé tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ ìbá sì ti parí. Ṣùgbọ́n ó fà sẹ́yìn, ó ń wò ó. Adákẹ́jà rò nígbà náà pé ẹ̀rù ló bà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dún.

“Ẹ̀sán! Ẹ̀wá!”

“Gé e!” ni olùdarí kígbe. Àtẹ́wọ́ sọ láti ọ̀dọ̀ àwọn oníná títí dé ẹnu ọ̀nà. “Ẹ̀gbọ́n! Níbo lẹ gbé èyí pamọ́ sí láti àárọ̀?”

Adákẹ́jà dìde jókòó. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló sọ̀rọ̀ láti igun rẹ̀. Arẹ́rìn-ín ni, ó sì máa ń fi gbogbo nǹkan ṣeré.

“Ó dáa o, àmọ́ ẹsẹ̀ kan dún gbì kí ẹ̀ṣẹ́ tó dé. Bọ̀dá Gbìgbì, àrùn àtijọ́ yẹn ti padà! Ẹ má ṣèyọnu, màá pa á rẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbìgbì náà rẹ́rìn-ín, bó ti máa ń ṣe.

“Ẹ má pa á rẹ́,” ni Adákẹ́jà wí.

“Ẹ̀gbọ́n, ó máa ba—”

“Mo ní kẹ́ ẹ má pa á rẹ́.”

Kò pariwo, ṣùgbọ́n ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ó ti èékánná bọ etí rọ́bà náà, ó sì fà á. Ó bá irun ojú díẹ̀ wá. Iná kọlu ojú ọ̀tún rẹ̀, ó ṣẹ́jú, ó wá olùdarí títí ó fi rí i.

“Ojú yìí nìkan ló ríran,” ló wí. “Òsì ti kú tipẹ́. Mo purọ́ fún yín nílé mi. Láti àárọ̀ ni mo ti fọ́jú síbí. Ẹsẹ̀ yẹn ni mo fi gba ẹ̀ṣẹ́ tẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ fún.” Ó mí kanlẹ̀. “Òun náà ni mo fi yẹ gbogbo èyí tí mo yẹ̀ nígbà ìjà wa kejì. Ìtàn tí mo ń sọ fún yín, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé èmi fúnra mi ni.”

Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ, tìmùtìmù bàtà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Adákẹ́jà yíjú sí Gbìgbì. “O mọ̀.”

Gbìgbì ń fi eyín tú okùn ìbọ̀wọ́ rẹ̀, kò gbé orí sókè. “Adákẹ́jà, ta ló ní kó o wá máa sọ̀rọ̀ lónìí?”

“O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ayé.”

“Ẹ̀ṣẹ́ téèyàn ò rí, òun ló ń pa ni.” Okùn náà tú. “Mo fẹ́ ìgbànú mi. Mi ò fẹ́ òkú. Mo gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì nìkan gbà á, kò ṣeé ṣe. Ó tán.”

“Bí ojú mi bá pé ńkọ́? Ta ni ìbá borí?”

Gbìgbì wá gbé orí sókè wàyí. Ó wò ó pẹ́. “Ìyẹn, ọ̀rẹ́ mi, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́ láàárín èmi àti ìwọ.”

Olùdarí ti jókòó sórí àtẹ̀gùn ojú ìjà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. “Ẹ ò ní ja ìjà kankan mọ́ nínú fíìmù yìí. Ẹlòmíì ló máa jà á, mo máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ han ayé.” Ó nawọ́ sí ọkùnrin tí wọ́n pè náà. “Ṣùgbọ́n ojú yín ni mo máa lò. Ìyókù iṣẹ́ náà, tiyín ni. Ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó padà wá, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà náà rí yín.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹsẹ̀ ńkọ́?” ni ẹni tó ń gba ohùn bi í, kò fi ṣeré mọ́.

“Fi sílẹ̀,” ni olùdarí wí.

“Ó dáa. Àmọ́ ariwo okùn dà pọ̀ mọ́ ọn. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n gbà á ní mímọ́. Gbogbo yín, ẹ dákẹ́.”

Wọ́n dákẹ́. Gbìgbì ti bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀.

Gbì.

Kò sí ọwọ́ kankan tó ń bọ̀. Ní òdìkejì ojú ìjà, níbi tí Adákẹ́jà jókòó sí, orí rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀.